Ìran Tó Ń Gùn Sí I Nínú Fóònù

Ní ọjọ́ Ajé tí ohùn náà wọlé sínú fóònù mi, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógójì ni gígùn rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti di ìṣẹ́jú kan àti àáyá mọ́kànlélọ́gbọ̀n. N kò fọwọ́ kàn án. Kò sí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kàn án.

Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń tàn mí jẹ. Mo nu gíláàsì ojú mi, mo tún wò ó. Òǹkà náà kò padà sí ti àná.

Èmi ni akọ̀wé ìran ní ìjọ wa, ìjọ Aládùúrà kékeré kan lẹ́yìn Béyèrúnkà. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo fi tọ́ ọmọ, mo sì ti lé ní ogójì ọdún kí n tó mọ bí wọ́n ti ń kọ orúkọ mi. Nígbà tí mo mọ̀wé díẹ̀, iṣẹ́ tí ìjọ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n máa kọ ọ̀rọ̀ àwọn aríran sílẹ̀. Ẹni tí Ẹ̀mí bá gbé kì í mọ ohun tó ń sọ. Bí Ẹ̀mí bá ti fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, bí akọ̀wé kò bá sì kọ ọ́, ó ti ṣègbé. Akọ̀wé kò gbọdọ̀ fi kún un, kò gbọdọ̀ yọ kúrò nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ni ìran, ì báà ṣe omi tútù. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi pa òfin yẹn mọ́, mo sì máa ń ro ara mi sí olóòótọ́ ènìyàn.

Màmá Hilda ló dàgbà jù nínú àwọn aríran wa. Hilda ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa orúkọ náà dà. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè rìn wá sí ilé àdúrà mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ra fóònù fún un. Ó máa ń mọ̀ ọ́n lára bí Ẹ̀mí bá ń bọ̀. Yóò tan ohun tí ń gba ohùn sílẹ̀, yóò sọ̀rọ̀ tán, yóò fi í ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù, yóò tẹ orúkọ ẹni tó ni ìran sábẹ́ rẹ̀ kí ìyẹn náà tó kúrò lọ́kàn rẹ̀, yóò sì pa tirẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èèwọ̀ ni, aríran kì í gbọ́ ìran ẹnu ara rẹ̀. Màmá ní ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń bù jẹ nínú èébì ara rẹ̀. Nítorí náà, bí ohùn kan bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi nìkan ló kù sí.

Dátà ló fa ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ń fi fídíò ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ ìjọ wa lórí Wasáàpù, àwọn obìnrin ń fi àwòrán òdòdó kí ara wọn káàárọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń fi ìwàásù oníwákàtí méjì ṣọwọ́. Gbogbo rẹ̀ ń já wọ fóònù mi láìbéèrè. Dátà tí mo rà fún oṣù kan kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gbé fóònù náà lọ bá Mujeebat, obìnrin tó ń tún fóònù ṣe nísàlẹ̀ òkè Mápó. Ó wọ inú ètò fóònù náà, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun tó ń wọlé fúnra rẹ̀, àti àwòrán, àti fídíò, àti ohùn.

"Bàbá Akọ̀wé, láti òní lọ, ọfà kékeré lẹ ó máa rí," ó wí. "Èyí tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ló máa wọlé. Èyí tẹ́ ò bá tẹ̀, á dúró síta bí àlejò tí ò mọlé."

Ó dùn mọ́ mi. Mo tún fi òfin tèmi lé e: bí oṣù bá ti kọjá ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, n kò ní í tẹ ọfà kankan títí di ọjọ́ kìíní oṣù tuntun. Ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan ni n ó máa kà. Mo dìde lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo sọ òfin yìí fún àwọn ọ̀dọ́ lójú gbogbo ìjọ. Mo ní ẹni tí kò lè kó fóònù rẹ̀ níjàánu, báwo ni yóò ṣe kó ara rẹ̀ níjàánu? Wọ́n ń wolẹ̀. Mo jókòó, inú mi sì dùn sí ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ni ohùn tí mo ń sọ yìí wọlé. Orúkọ kan ṣoṣo ni Màmá Hilda tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: Morádéyọ̀.

Morádéyọ̀ ń ta aṣọ ọmọdé ní Ọjà'ba. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà lọ sókè ọya, kì í sábà sí nílé, òun nìkan ló sì ń gbé ilé bàbá ọkọ náà ní Àrẹ̀mọ, ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú. Mo rí orúkọ rẹ̀, mo rí ọfà, mo sì ka iye ọjọ́ tó kù. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Àwọn ìran tí Màmá rí láàárín oṣù náà kò lágbára: kí lágbájá máa mu omi, kí tàmẹ̀dò ra àbẹ́là funfun. Mo ní ìran kì í bàjẹ́ bí ọbẹ̀. Mo gbé fóònù náà sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Morádéyọ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Òjò ti rọ̀ láti ìdájí, gèlè rẹ̀ sì rin gbingbin. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò tètè dìde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Màmá ò rí nǹkan kan nípa mi? Láti Sátidé ni ara mi ò ti balẹ̀. Bí mo bá ti wọ yàrá, ó ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan dúró sẹ́yìn mi."

N kò purọ́ nípa ìran rí. "Ó wà," mo wí. "Ohùn kan wọlé lánàá. Orúkọ rẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀."

Ó fọwọ́ di àyà mú. "Kí ló sọ?"

"N kò tíì ṣí i. Ọjọ́bọ̀ lọjọ́ kìíní oṣù. Wá lọ́jọ́ náà."

"Ọ̀túnla?" Ó ń wò mí bóyá mo ń ṣàwàdà. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ra dátà sí i fún yín. Kí n rà á báyìí, ká jọ gbọ́ ọ."

"Akọ̀wé kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ni ìran. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹ gbé fóònù yẹn fún mi, èmi ni màá fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́, kó má sí lọ́rùn yín."

"Morádéyọ̀!"

Ó nu omi ojú rẹ̀, àbí omi òjò ni, n kò mọ̀. "Ó dáa, sà. Ẹ má bínú. Màá wá àwọn tó máa bá mi gbàdúrà títí di ọjọ́ náà."

Mo súre fún un. Ó lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé ohùn náà ti gùn sí i.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ó ti kúrò ní ibi tí mo fi í sí. Ìṣẹ́jú kan àti àáyá mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Mo mú ìwé, mo yọ èyí kúrò nínú èyí. Àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ìyàtọ̀ ti àárọ̀ yẹn sí ti ìrọ̀lẹ́ àná. Ti ìrọ̀lẹ́ àná sí ti ọjọ́ Ajé jẹ́ àádọ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ohun tó bàjẹ́ kì í fi ìwọ̀n bàjẹ́. Mo gbé fóònù náà, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Mápó.

"Bàbá ahun dátà, ẹ káàárọ̀ o!" Mujeebat ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó wọlé. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka mẹ́gábáìtì bí ẹni ń ka owó orí ìyàwó. Èwo ló tún sọnù?"

"Ṣé ohùn tí a kò ṣí lè máa gùn?"

"Rárá o. Ohun tí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ṣé lẹ́tà lè máa pọ̀ sí i nínú àpò tí wọ́n lẹ̀ pa?" Ó gba fóònù náà, ó tẹjú mọ́ ọn. "Ìṣẹ́jú kan àti mẹ́rìndínlọ́gọ́ta rèé. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti..."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Lójú àwa méjèèjì, láìsí ìka kankan lórí rẹ̀, òǹkà náà yí. Ó di ìṣẹ́jú méjì àti àáyá mọ́kànlélógún.

Mujeebat gbé fóònù náà sórí káńtà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó fi ìka kan ṣoṣo tì í padà sọ́dọ̀ mi, ó sì nu ìka náà mọ́ híjáàbù rẹ̀.

"Aúsù bíllàhi," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bàbá, ẹ tẹ ọfà yẹn."

"Ọ̀la ni."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí. Bẹ́ ò bá ní í tẹ̀ ẹ́, ẹ dákun, ẹ gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi."

Mo gbé e kúrò. Kí ẹni tó bá ń ka èyí má rò pé ẹ̀rù kò bà mí. Ẹ̀rù bà mí dé egungun. Ṣùgbọ́n mo ti sọ̀rọ̀ lójú ìjọ, ó sì ku ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìgbéraga ni mo ń pè ní ìlànà. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi Màmá Hilda léèrè ná.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo bá Màmá, ó fi aṣọ òtútù wé ọrùn. Ohùn rẹ̀ ti há pátápátá.

"Ayọ̀délé," ó wí, "ta lo jẹ́ iṣẹ́ ìran fún lọ́sẹ̀ yìí? Láti ọjọ́ Ajé ni ọ̀nà ọ̀fun mi ti ń ta mí, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kò dákẹ́."

Mo sọ fún un. Mo ní ohùn kan wọlé fún Morádéyọ̀, ó sì ń gùn. Mo béèrè bóyá ó rántí ohunkóhun nínú rẹ̀, bó ti wù ó kéré mọ.

"O mọ̀ pé n kì í rántí. Mo sì ti pa á rẹ́ bí mo ti ń ṣe." Ó gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. "O ní kí ni? O ní ó ń gùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Òjò ti tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń kan páànù lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ó bò ó. Màmá dúró títí ariwo rẹ̀ fi rọlẹ̀ díẹ̀.

"Ìran ẹnì kan kì í gùn," ó wí. "Bí o bá rí i tó ń gùn, àwọn mìíràn ti ń wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Kí lo ń dúró dè?"

Mo ti ní ẹnu láti bá àwọn ọ̀dọ́ wí. N kò ní ẹnu láti sọ fún obìnrin arúgbó yìí pé ọjọ́ kìíní oṣù ni mo ń dúró dè.

Mo tẹ ọfà náà níbẹ̀, níwájú rẹ̀. Ó di òbìrí kékeré kan bí òrùka, ó ń yí. Ó yí títí, kò wọlé. Mo wo gígùn rẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́ta àti àáyá mọ́kànlá. Mo pe Morádéyọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Fóònù rẹ̀ ń dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé mi lọ sí Àrẹ̀mọ, mo ń ro ohun tí n ó sọ fún un. Ṣé kí n ní kó jáde nílé ni? Bó bá ṣe pé ojú títì ni ewu náà wà ńkọ́? Ṣé kí n ní kó má jẹun, kó má dáná, kó má dúró nítòsí omi? Ohun tí mo dì mọ́wọ́ ni ìdáhùn, n kò sì lè kà á. Òbìrí náà ń yí. Dátà tí mo ti ń ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ń yọ́ lójú mi. Ohùn tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ ti jẹ ju ohun tí fíìmù kan ń jẹ, kò sì tíì yó.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà àgbàlá, mo sáré gba abẹ́ òjò dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàtà ló wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí wọ́n tò kalẹ̀ bí ẹni ń wọ ilé àdúrà. Mo kà wọ́n. Bàtà ẹni méje. Mo ń gbọ́ orin kẹ́lẹ́ láti ẹ̀yìn ilé.

Ìyá Ìrètí, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìjọ wa, dé lẹ́yìn mi pẹ̀lú agboòrùn.

"Ẹ̀n-ẹ́n, Akọ̀wé náà dé! Ojú tì yín lẹ́ ṣe wá?" Ó ń gbọn omi dànù lára sùtánà rẹ̀. "Ẹ ní ìran wà lórí ọmọ ọlọ́mọ, ẹ wá ní ó dọ̀túnla. Àyà rẹ̀ já. Ó ti ń ké sí wa láti ìrọ̀lẹ́ àná. Bí ọ̀kan ti ń gbọ́ ni òmíràn ń dé. Wọ́n ní ká kó fóònù wa sí pálọ̀ kí ó má dí wa lọ́wọ́. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n wà, ibẹ̀ ló pa rọ́rọ́ jù. Ẹ bọ́ bàtà yín kẹ́ ẹ máa bọ̀."

Ó bọ́ tirẹ̀, ó wọlé. Mo gbọ́ bí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ti ṣí tó sì padé.

Mo wo fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti àáyá mẹ́rìndínlógójì: àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mìíràn ti kún un bó ti wọlé.

Mo wá mọ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ẹnì kan ṣoṣo ni ìran náà wà fún. Èmi ni mo fi ìyókù kún un. Èmi tí mo ti búra pé n kò ní í fi ọ̀rọ̀ kan kún ìran láé.

N kò bọ́ bàtà. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí. Obìnrin mẹ́jọ ló kúnlẹ̀ nínú sùtánà funfun, Morádéyọ̀ láàárín wọn, àbẹ́là kan níwájú wọn nítorí òjò ti mú yàrá ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Òórùn amọ̀ tútù gba imú mi. Lára ògiri ẹ̀yìn, láti ibi tí sìmẹ́ńtì ti ṣí, yẹ̀pẹ̀ ń dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí gààrí tó ń jò lára àpò. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i.

Bí mo ti gbé ẹsẹ̀ lé inú yàrá náà, òbìrí dáwọ́ dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti àáyá kan. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé mo tẹ̀ ẹ́.

"Morádéyọ̀, dìde." Ohùn Màmá Hilda ni, ó mọ́ gaara, kò há rárá. "Jáde nínú yàrá yìí. Má mú nǹkan kan. Ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ ti rẹ̀, ó fẹ́ jókòó."

Orin dákẹ́. Àwọn obìnrin ń wò yíká bóyá Màmá wà láàárín wọn. Morádéyọ̀ dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi jáde bí ẹni tó ń rìn lójú oorun. Ohùn náà dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó pe ẹni tó tẹ̀ lé e, Ìyanuolúwa, pé kó dìde, kó jáde. Ó dìde. Bẹ́ẹ̀ ló ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti wọlé tẹ̀ lé ara wọn. Kò kánjú. Èmi ni mo ń pariwo pé kí gbogbo wọn sáré, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mira àfi bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀.

Ìyá Tóbilọ́ba, arúgbó inú wọn, kò lè dá dìde nítorí itan rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, mo gbé fóònù sórí àpótí, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìyá náà.

"Ìyá Ìrètí, ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, jáde."

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti gba ohùn yẹn sílẹ̀.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ìyá arúgbó náà ní apá mi, nígbà tí mo gbọ́ tèmi. "Ayọ̀délé akọ̀wé, ìwọ tó jẹ́ kí wọ́n pọ̀ tó báyìí, jáde."

A bọ́ sí àgbàlá. Ògiri náà kò dún bí ààrá. Ó dún bí ẹni tó rẹ̀ tó mí kanlẹ̀. Páànù tẹ̀ lé e. Eruku kò tilẹ̀ sọ, nítorí òjò.

Mo kà wá lábẹ́ òjò. Mẹ́sàn-án. Mo tún wa kà. Kò ku ẹnì kan. Ìyá Ìrètí ti ń yin Ọlọ́run lógo, àwọn kan ń sunkún. Morádéyọ̀ ló kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè pé kí a dákẹ́.

Lábẹ́ amọ̀ náà, ohùn ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ó dákẹ́ díẹ̀, bó ti máa ń ṣe kó tó pe orúkọ. Ó sì pe orúkọ kan. Amọ̀ àti òjò bò ó. Ohun tó tẹ̀ lé orúkọ náà nìkan ni gbogbo wa gbọ́: "Dìde. Jáde." Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì pa lọ́lọ́.

Morádéyọ̀ di apá mi mú. "Bàbá," ó wí, "ta ni wọ́n pè yẹn? Gbogbo wa ló wà níta."

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ọmọ àdúgbò hú fóònù náà jáde. Ó ti kán sí méjì. Mujeebat fi káàdì rẹ̀ sínú fóònù mìíràn, ó wá ohùn náà títí, ó ní kò sí níbẹ̀ mọ́, kò sì sí níbòmíràn. Nínú àwókù tí a kó kúrò nílẹ̀ láti ọjọ́ náà, a kò bá òkú kankan. Yàrá yẹn kò ní ẹlòmíràn nínú. Ẹni tí wọ́n pè wà níbòmíràn, ní ibì kan tó yẹ kó ti ibẹ̀ jáde.

Mo ti ṣí gbogbo ilẹ̀kùn fóònù mi sílẹ̀ báyìí. Ohun tó bá ń wọlé, kó wọlé. Ṣùgbọ́n èyí tí mo dá dúró kò lè wọlé mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń jí lójoojúmọ́ tí mo ń lọ láti ilé dé ilé, ní Béyèrúnkà, ní Àrẹ̀mọ, títí dé Bẹẹrẹ. Mo ń kan ilẹ̀kùn. Mo ń sọ fún wọn pé mo jẹ wọ́n ní iṣẹ́ kan tí mo gbà tí n kò jẹ́, pé bóyá àwọn ló ni í, bóyá kì í ṣe àwọn.

Àwọn mìíràn ń lé mi. Àwọn tó bá ní sùúrù ń béèrè pé kí ni iṣẹ́ náà. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n jáde.

"Jáde níbo, Bàbá?"

N kò mọ̀.